Oòrùn Ń Mú, Omi Ò Gbóná: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Omi Gbígbóná Olóòrùn

Ìpè tó ń wọlé sórí fóònù mi nígbà ọyẹ́ jọra wọn. "Púlọ́ńbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa wo sólà tí wọ́n gbé sórí ilé. Oòrùn ń mú ganrínganrín, omi ò gbóná." Mo ti gun òrùlé wò ní Ìgbógbo àti Agric níbí ní Ìkòròdú, iṣẹ́ ti gbé mi dé Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, mi ò tíì bá ilé kan tí oòrùn ti jẹ̀bi. Bí wọ́n ṣe rà á tàbí bí wọ́n ṣe so ó ló máa ń jẹ̀bi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé owó ti jáde tán kí wọ́n tó pe ẹni tó máa la ọ̀rọ̀ yé wọn. Àwọn mìíràn á ti bínú, wọ́n á ní ká tú u sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á padà sídìí boiling ring tí wọ́n ń kì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, nǹkan tí iná rẹ̀ lè gbé ọmọdé tó bá kan ti ọwọ́ bọ omi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà síbẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí kò yẹ ká ṣe.

Ẹ má fi bátìrì se omi ìwẹ̀

Èyí ni mo ń rí jù. Ènìyàn ti ra páńẹ́ẹ̀lì, ó ti ra ínfátà, ó wá rò ó pé sólà ni gbogbo sólà. Ó ra hítà ìwẹ̀ kékeré tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀, ó ní kí rìwáyà so ó mọ́ ínfátà. Hítà yẹn ń fa kílówáàtì 3.5 sí 5.5 lẹ́ẹ̀kan náà. Ínfátà 3.5kVA tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa kò lè gbé e. Á han, á pa ara rẹ̀, ọṣẹ á sì wà lójú ẹni tó ń wẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò ó. Omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, lítà 20, tó bá kúrò ní 27°C dé 40°C tó dára fún ara, ń jẹ iná tó tó 0.3 yúníìtì. Ilé ẹlẹ́ni márùn-ún, bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, ti di yúníìtì kan àti ààbọ̀. Nígbà tí owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn tí wọ́n ń fún ní iná tó pọ̀ jù lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ ní ₦225 fún yúníìtì kan lóṣù kẹrin ọdún 2024, ìwẹ̀ àárọ̀ nìkan á gba ohun tó lé ní ₦10,000 lóṣù. Iye yẹn ti yí padà láti ìgbà náà, ẹ fi iye tí ẹ ń ra tiyín ṣe ìṣirò náà.

Ẹ wá wo bátìrì. Bátìrì onílẹ́ẹ̀dì 12V, 220Ah, tí gbogbo wa mọ̀, gbogbo iná tó wà nínú rẹ̀ bó bá kún kò ju yúníìtì 2.6 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, kò yẹ kí ẹ fà á kọjá ìdajì. Ìwẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ kan ti jẹ ìdajì yẹn tán, ó tún ti bọ́ sí ìdajì kejì. Fáànù ńkọ́? Fíríìjì ńkọ́?

Ẹ̀rọ tí oòrùn ń mú omi inú rẹ̀ gbóná tààrà kò nílò bátìrì. Nínú oòrùn tó bá bà lé páńẹ́ẹ̀lì iná, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń di iná. Ẹ̀rọ amómigbóná olóòrùn ń gba ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú omi. Táńkì rẹ̀ ni bátìrì rẹ̀. Fóòmù tó nípọn ni wọ́n fi yí táńkì náà ká, omi tó gbóná lọ́sàn-án á ṣì gbóná ní ìdájí ọjọ́ kejì.

Bí páńẹ́ẹ̀lì bá ti pọ̀ nílé yín ná, tí bátìrì ń kún kí ọ̀sán tó pọ́n, mi ò ní kí ẹ fi iná tó ṣẹ́ kù ṣòfò. Ẹ ra hítà oní-táńkì tí kò fà ju kílówáàtì 1.5 lọ, kí rìwáyà fi táímà sí i kó máa ṣiṣẹ́ láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má tàn án lóru.

Fídíò ilẹ̀ òkèèrè kọ́ ló mọ oòrùn wa

Oníbàárà kan fi fídíò hàn mí, ó ní ìhà àríwá ni kí n kọjú ẹ̀rọ náà sí, bí wọ́n ṣe ṣe é nínú fídíò nìyẹn. South Africa ni wọ́n ti ya fídíò ọ̀hún. Ìsàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé ni wọ́n wà, àríwá ni oòrùn wọn. Àwa wà lókè rẹ̀ díẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 6.6 ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ ò sì jìnnà sí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń tẹ̀ sí àríwá wa. Ìyókù ọdún, gúúsù ló ń wà. Ọyẹ́ bọ́ sínú ìyókù ọdún yẹn, ìgbà ọyẹ́ ni gbogbo ènìyàn sì ń wá omi gbígbóná láàárọ̀. Ẹ kọjú ẹ̀rọ sí gúúsù.

Àṣìṣe kejì nínú fídíò òkèèrè ni bí wọ́n ṣe ń gbé e nàró. Ibi tí òtútù ti pọ̀, oòrùn ń gba ẹ̀gbẹ́ wá, wọ́n ní láti gbé ẹ̀rọ dìde. Tiwa ń dúró sí àtàrí. Ìdagẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n 10 sí 15 tó fún wa. Ẹ má sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, torí òjò gbọ́dọ̀ lè fọ eruku kúrò lójú rẹ̀, omi tó ń gbóná nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gòkè.

Òjìji burú ju ìkọjúsí tó ṣì lọ. Ní Àgbádárìgì, igi àgbọn ni mo ń bá jà. Imọ̀ àgbọn kan lè bo ẹ̀rọ láti aago mẹ́wàá títí di ọ̀sán, onílé ò ní mọ̀, torí òun kì í sí nílé lásìkò yẹn. Ẹ jókòó sílé ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ wo orí òrùlé láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ dé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n lu ihò kankan.

Èwo ló gbọ́dọ̀ ga ju èwo lọ

Omi tó bá gbóná á fúyẹ́, á gòkè; èyí tó tutù á wúwo, á sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó ń yí omi po nínú ẹ̀rọ tí kò ní pọ́ǹpù nìyẹn, kò sí idán kankan níbẹ̀. Torí náà táńkì omi gbígbóná gbọ́dọ̀ wà lókè ojú tó ń gba oòrùn. Mo bá ilé kan tí wọ́n ti gbé táńkì pamọ́ sábẹ́ òrùlé kí ojú ilé lè dùn ún wò, tí ojú tó ń gba oòrùn wà lókè rẹ̀. Omi ò gbóná rárá. Ilé mìíràn gbé méjèèjì sí ìpele kan náà: omi á gbóná lọ́sàn-án, lóru á yí padà sínú ojú ẹ̀rọ, á tutù kí ilẹ̀ tó mọ́.

Táńkì omi tútù tún wà lókè gbogbo wọn. Ní Ìkòròdú, òpó táńkì ọ̀pọ̀ wa kò ga ju òrùlé lọ, torí a kò ro sólà mọ́ ọn nígbà tí a ń kọ́ ọ. Tí ìdí táńkì omi tútù kò bá ga ju orí táńkì sólà lọ, omi ò ní kún inú sólà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sáré so pọ́ǹpù mọ́ ọn, èyí tó ń tì omi tagbáratagbára. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ onígíláàsì tí ẹ ń rí lórí òrùlé ni wọn kò ṣe fún agbára bẹ́ẹ̀. Táńkì wọn á wú, á sì la. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá tiyín lè gba pọ́ǹpù kí ẹ tó sanwó. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lórí rẹ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí i, ì báà jẹ́ pé omi ń kán níbẹ̀.

Páìpù

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ọjọ́ ìsinmi kan ni wọ́n pè mí sí ilé kan nítòsí Sábó. Ìdílé náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dé, wọ́n bá àjà tó ti já lé bẹ́ẹ̀dì, omi ń ṣàn dé pálọ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà fi páìpù PVC funfun, èyí tí a ń lò fún omi tútù, gbé omi gbígbóná wálẹ̀. Ó sọ fún wọn pé páìpù ni gbogbo páìpù. PVC bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 60°C. Omi sólà ń dé 70°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Páìpù náà tẹ̀, ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ já. Bí ìyá ilé ṣe jókòó sórí àga tó ti rin, tó ń wo àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ tó ti bàjẹ́, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ẹ béèrè fún PPR ti omi gbígbóná, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yọ́ pọ̀, tàbí CPVC, ìyẹn irú PVC tí wọ́n ṣe fún omi gbígbóná, tàbí bàbà. Ẹ dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń so ó. Kí wọ́n sì fi fóòmù dúdú wé e, kí wọ́n tún fi nǹkan bo fóòmù tó bá wà níta, torí oòrùn ń jẹ ẹ́. Ẹ má gbé ẹ̀rọ jìnnà sí balùwẹ̀: páìpù tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, tó gùn ní mítà 15, ń mú omi tó fẹ́ẹ̀ tó lítà 5 dání. Gbogbo rẹ̀ lẹ máa dà nù kí èyí tó gbóná tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Omi pupa

Bọ́ọ̀hóòlù wa níbí mọ irin jẹ. Ẹ ti rí aṣọ funfun tó di aláwọ̀ ìpẹtà lẹ́yìn ìfọ̀ mélòó kan. Irin yẹn ń jókòó sínú ẹ̀rọ, á dí ọ̀nà omi díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa rò pé oòrùn ló dín kù. Omi tó kan díẹ̀, bí ti ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀hóòlù Èkó, tún ń jẹ ara táńkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi yín wò, kí ẹ fi àsẹ́ irin sí i ṣáájú. Nínú ọ̀pọ̀ táńkì, ọ̀pá màgnísíọ́mù kan wà tí omi ń jẹ dípò ara táńkì. Bí ọ̀pá yẹn bá tán, táńkì ló kàn. Mo ti ṣí táńkì tó ti lo ọdún mẹ́fà tí onílé kò gbọ́ nípa ọ̀pá náà rí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́bàá òkun ní Àgbádárìgì, kó rí i pé ìdè tó mú ẹ̀rọ mọ́ òrùlé kì í ṣe irin lásán. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kì í dá a sí.

Báwo ni kó ṣe tóbi tó?

Ẹ ka orí, kì í ṣe yàrá. Lítà 20 sí 30 fún ẹni tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀, ìlọ́po méjì fún ẹni tó ń dúró lábẹ́ ṣáwà. Tí ìyá ìkókó bá máa wà nílé, ẹ fi kún un dáadáa: Màmá tó bá wá wẹ ọmọ kò ní fẹ́ gbọ́ pé omi ti tán, ìyá ọmọ náà sì nílò tirẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n lítà 300 fún ènìyàn mẹ́ta, ìnáwó lásán ni. Ẹ rántí pé táńkì lítà 200 tó kún wúwo ju kílò 200 lọ. Kí káfíńtà wo igi òrùlé, kó wò ó dáadáa bóyá ikán ti débẹ̀.

Aago kan ọ̀sán kọ́ la ń pọn omi sí i

Ẹ̀rọ onígíláàsì tó bá wà nínú oòrùn láìní omi, inú rẹ̀ lè gbóná kọjá 200°C. Tí omi tútù bá kọlù ú, gíláàsì á fọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pẹ́ dé, wọ́n á gbé e sókè ní ọ̀sán, wọ́n á ṣí omi sí i kíákíá kí wọ́n lè máa lọ. Ẹ má gbà. Kí wọ́n fi aṣọ bò ó, kí wọ́n pọn omi sí i ní ìrọ̀lẹ́ tàbí kí oòrùn tó yọ. Ohun kan náà ni tí omi bá tán nínú táńkì òkè tí ẹ kò tètè mọ̀: ẹ dúró di alẹ́.

Ọmọdé

Omi tó bá dé 60°C lè bó àgbàlagbà lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Ti ọmọdé yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi sólà kì í hó, kì í sì í sábà rú èéfín tó lè dẹ́rù ba ọmọ. Fáàfù kan wà tó ń da omi gbígbóná pọ̀ mọ́ tútù kó tó jáde; ẹ fi í sí i, ẹ má ka owó rẹ̀ sí àṣerégèé. Ní ilé tí kò bá sí i, kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé omi tútù là ń kọ́kọ́ pọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ká tó fi gbígbóná lé e. Ẹ kọ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ kọ́ àlejò tó sun ilé mọ́jú.

Òjò oṣù kẹfà àti keje á dé, ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kí oòrùn tó jáde. Ohun èlò iná kékeré tó wà nínú táńkì wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí rìwáyà so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Mo ti bá ibi tí wọ́n ti fi í sílẹ̀ lórí iná látìgbà òjò dé Kérésìmesì, tí wọ́n ń ṣe kàyéfì pé owó iná ò dín kù.

Tí ẹ bá ń rìnrìn àjò fún Iléyá tàbí ọdún tuntun, ẹ fi táàpólì tó nípọn bo ojú ẹ̀rọ, kí omi tí ẹnikẹ́ni ò lò má baà gbóná kọjá àlà. Bí ẹ bá dé, ẹ ká a kúrò, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá, kí ẹ sì jẹ́ kí omi tó ti sùn nínú páìpù ṣàn dà nù kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀.