Lẹ́tà I Tó Wà Lórí Transcript Mi

Ọdún kan gbáko ni mo fi múra láti wá àyè MBA (oyè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kejì nínú ìṣàkóso òwò) ní ìpele ìgbaniwọlé àkọ́kọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ òwò máa ń tì ní oṣù Kẹsàn-án, ìpele náà sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo tí kì í tilẹ̀ ṣe máàkì.

Àbùkù méjì tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù: D tí mo gbà nínú Statistics ní ọdún kejì, àti W tí wọ́n kọ síwájú kọ́ọ̀sì kan tí mo fi sílẹ̀ ní àárín sáà. Ní oṣù Keje tí mo fara balẹ̀ ka transcript mi, ìwé tó kó gbogbo máàkì mi ní yunifásítì jọ, láti òkè délẹ̀ ni mo tó rí I níwájú kọ́ọ̀sì ọdún kẹta kan, èyí tó túmọ̀ sí pé n kò parí iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mo parí rẹ̀! Àìsàn ló ṣe mí nígbà ìdánwò, olùkọ́ wa sún ọjọ́ síwájú fún mi, mo ṣe é, ó sì fún mi ní B, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yí i padà nínú ìwé.

Ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ní olùkọ́ nìkan ló lè yí máàkì padà. Olùkọ́ ti fẹ̀yìn tì. Olórí ẹ̀ka ní òun kò lè fọwọ́ sí ohun tí kò ṣojú òun, àfi tí mo bá mú ẹ̀rí wá. Òru mẹ́ta ni mo fi tú ìmélì mi àtijọ́ kí n tó rí ìlà méjì tí olùkọ́ fi ránṣẹ́, tí B náà wà níbẹ̀ kedere. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà nítorí pé ọjọ́ tí olórí ẹ̀ka kọ sí i kò bá ti lẹ́tà rẹ̀ mu; nígbà tí a tún un ṣe, wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣèpàdé oṣù yẹn tán, kí n dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀ gbà, inú sì ń bí mi títí di òní.

N kò jókòó lásán. Mo kọ́ Statistics lákọ̀tun lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì tó ń fúnni ní máàkì gidi, mo gba A, mo sì ṣe GMAT, ìdánwò tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ òwò fi ń gbani wọlé, tó jẹ́ ìsọ̀rí mẹ́ta, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìsọ̀rí ìṣirò ni mo ti ṣe dáadáa jù, orí mi sì wú, nítorí pé ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìgbaniwọlé máa ń wò bí wọ́n bá rí D nínú kọ́ọ̀sì oníṣirò. Ojú ìwé méjì ni mo kọ́kọ́ fi ṣàlàyé D náà nínú àròkọ àfikún tí kò pọn dandan, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo wá kọ pé: "Mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní sáà tí mo gba D nínú Statistics. Mo ti tún un kọ́ ní ọdún yìí, mo sì gba A." N kò dárúkọ W rárá, nítorí pé kì í wọ inú ìṣirò GPA (ìpíndọ́gba máàkì), ẹyọ kan sì ni, bí ó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní sáà kan náà ni ì bá gba àlàyé.

Ìpele kejì, tí wọ́n tì ní oṣù Kìíní, ni mo wá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí, wọ́n sì gbà mí. Iṣẹ́ mi ni wọ́n béèrè nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu ba D.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀dà transcript tó wà lọ́wọ́ mi ni ilé ẹ̀kọ́ òwò náà ní kí n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn ìgbaniwọlé ni wọ́n tó ń béèrè ojúlówó tó ti yunifásítì wá tààrà. Ìlà méjì láti ṣàlàyé I náà ì bá ti tó ní oṣù Kẹsàn-án, kí àtúnṣe máa lọ lẹ́yìn. Ẹ ka ìlànà ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó gbà pé ọ̀nà ti dí, kí ẹ sì béèrè transcript yín kí ẹ tó ra ìwé GMAT kankan. Nígbà tí ojúlówó tèmi dé ọwọ́ wọn, B ló wà níbi tí I wà.