Bí ìlú ṣe lè mú ọlọ́pàá àti panápaná ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Èkìtì

Bí ọjà bá ti jóná báyìí, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ nípàdé ìlú ni pé kí ìjọba kúkú kó ọlọ́pàá àti panápaná sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan náà. Kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí aṣòfin yín ní Adó, ẹ ṣí ìwé òfin ọdún 1999 wò. Abala 214 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní Nàìjíríà, ti ìjọba àpapọ̀ sì ni. Abala 215 gba gómìnà láyè láti pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá lórí ètò ààbò ìpínlẹ̀, síbẹ̀ kọmíṣọ́nnà lè ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbọ́ tẹnu ààrẹ ná. Èkìtì lè ṣòfin lórí panápaná tirẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ti ọlọ́pàá ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi òfin ìpínlẹ̀ de àwọn méjèèjì pọ̀, ìdajì òfin náà ti kú kí gómìnà tó buwọ́ lù ú.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2017 gba kọmíṣọ́nnà tí aráàlú dìbò yàn sórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá láyè láti gba àkóso panápaná mọ́ ọn, agbègbè Essex ló sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lóṣù kẹwàá ọdún náà. Pẹ̀lú bó ṣe jẹ́ ẹnì kan náà ló ń darí wọn, owó panápaná ò gbọdọ̀ wọ àpò ọlọ́pàá. Òfin yẹn tún pa á láṣẹ fún ọlọ́pàá, panápaná àtàwọn tó ń gbé aláìsàn pàjáwìrì pé kí wọ́n máa wá ibi tí wọ́n ti lè jọ ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní. Ìyẹn lẹ lè mú wálé, kò sì sí òfin tó dí yín lọ́wọ́.

Ìpàdé àti ìwé àdéhùn

Kábíyèsí ni kó pe ìpàdé náà. Èèyàn méje tó: DPO (ọ̀gá tésàn ọlọ́pàá), ọ̀gá panápaná ibùdó tó sún mọ́ yín jù, ọ̀gá Àmọ̀tẹ́kùn, ìyálọ́jà, alága ọlọ́kadà, ẹni tó ń tọ́jú bóòhólù ìlú, àti aṣojú ààfin tó máa di ìwé mú. Bẹ́ ẹ bá pè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdìde kíkí lásán ló máa gba wákàtí kan.

Ojú ewé kan ṣoṣo ni kí àdéhùn náà jẹ́. Orúkọ ipò ni kẹ́ ẹ kọ sí i, ẹ má kọ orúkọ èèyàn, torí DPO kì í pẹ́ níbì kan. Ọjọ́ tí DPO tuntun bá wá kí kábíyèsí ni kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan lé e lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, nínú ọlọ́pàá àti panápaná, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn iná gbọ́dọ̀ pe ẹnì kejì kó tó gbéra. Pé ọ̀gá panápaná ló láṣẹ níbi iná títí yóò fi sọ pé iná ti kú. Pé lẹ́yìn ìyẹn ni ọlọ́pàá gba ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbá eérú, nítorí ìwádìí. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ibùdó méjèèjì sábẹ́ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà ibùdó méjèèjì wò láago méjì òru Sunday. Èyí tí kò bá dún, ẹ wá òmíràn.

Omi ni ìjà

Ibí ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù. Ká ní ọkọ̀ panápaná gbé 5,000 lítà omi, tí rọ́bà kan sì ń tú 500 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi ti tán. Bí wọ́n bá na rọ́bà méjì, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ọkọ̀ á yí padà láti lọ bu omi, àwọn tí ẹrù wọn ń jó á rò pé ó ń sá lọ, òkò á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bẹ́ẹ̀, omi tó wà níbẹ̀ ló tán.

Nítorí náà, ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn gbọ́dọ̀ ṣáájú ọkọ̀ débẹ̀. Ẹni méjì á la ojú ọ̀nà, ẹni méjì á ta okùn ní nǹkan bí ọgbọ̀n mítà síbi iná, ẹnì kan á ṣọ́ ẹrù tí wọ́n kó jáde, torí ẹrù yẹn lolè ń dúró dè. Ìyálọ́jà ni kó gbé mẹ́gáfóònù: ohùn rẹ̀ làwọn ọlọ́jà mọ̀. Kó sọ ọ́ kí omi tó tán pé ọkọ̀ ń lọ bu omi, kó sì dárúkọ ibi tó ń lọ.

Ẹ ti wọn ibẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Bóòhólù tó ń fún yín ní 50 lítà ní ìṣẹ́jú kan á gba 100 ìṣẹ́jú kó tó kún ọkọ̀ náà, ọjà á ti di eérú. Ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bẹntiróòlù, èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bomi rin oko, tí rọ́bà rẹ̀ jẹ́ ínṣì méjì, lè kún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí odò bá wà nítòsí. Oṣù kejì ni kẹ́ ẹ lọ yẹ odò náà wò. Lóṣù kẹsàn-án, gbogbo odò ló ń purọ́. Lápá Ẹ̀fọ̀n, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún òkè: tọ́ọ̀nù márùn-ún ni omi yẹn, ọkọ̀ tó gbé e kì í sáré gun òkè.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ dà pọ̀

Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́pàá bá panápaná lọ yẹ ṣọ́ọ̀bù wò. Bí ẹni tó ń ta bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì bá rí aṣọ dúdú lẹ́nu ọ̀nà, abẹ́ ibùsùn ni kẹ́ẹ̀gì ń lọ, ìyẹn sì burú ju ìta tó wà tẹ́lẹ̀. Panápaná nìkan ló lè bá a jókòó títí yóò fi gbà láti gbé e jìnnà sí ibi ìdáná.

Owó náà ńkọ́? Ọwọ́ ìyálọ́jà ni kí owó epo ẹ̀rọ omi wà, kó má wọ tésàn, kó má wọ ààfin. Lítà mẹ́wàá tó, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, nítorí epo tó bá pẹ́ máa ń dí kábúrétọ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní gbogbo Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kẹ́ ẹ sì wo inú kẹ́ẹ̀gì dáadáa: jẹnẹrétọ̀ ẹnìkan ti lè mu ún.