38,000 náírà ni mo kọ́kọ́ fi ṣòfò kí ọmọ mi tó fẹ́ràn ìwé

Owó tó dùn mí jù lọ́dún tó kọjá, owó ìwé ni. 38,000 náírà ni mo kà fún obìnrin kan tó ń ta ìwé ọmọdé, ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì ogún nínú páálí kan, ó ní ọmọ ọdún méje á máa kà á bí ẹni ń mumi. Ọmọ mi obìnrin ṣí ti àkọ́kọ́, yìnyín ló ń bọ́ nínú àwòrán ẹ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ wọ kóòtù dé ọrùn, ó wò ó tán, ó pa á dé, ó lọ jókòó ti tẹlifíṣàn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta àbúrò ẹ̀ ti sọ páálí yẹn di mọ́tò tó ń gùn. Mo pe obìnrin náà kó bá mi fi èyí tó rọrùn pààrọ̀ ẹ̀, ìwé ò ya, kò sí àbàwọ́n kankan lára ẹ̀, ó ní àwọn kì í gba ọjà padà. Inú ṣì ń bí mi di báyìí.

Ohun tí mi ò tètè mọ̀ ni pé ọmọ yìí ò kórìíra ìwé rárá. Màmá mi máa ń pàlọ́ fún un lórí fóònù lálẹ́ láti Ìṣẹ́yìn, ọmọ tí kò lè jókòó ti ìwé fún ìṣẹ́jú márùn-ún á lẹ fóònù mọ́ etí títí bátìrì á fi kú. Mo ní ó dáa, ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu wọn yìí gan-an ni màá kọ sílẹ̀ fún un. Mo bẹ màmá kí wọ́n máa fi ohùn wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo tẹ àlọ́ mẹ́fà, ìlà mẹ́rin mẹ́rin lójú ewé kan, lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà, àmì ohùn ẹ̀ pé. Ìyẹn ò le, Gboard, kíbọ́ọ̀dù orí fóònù, ní Yorùbá nínú.

Ibi tí wọ́n ti fẹ́ príìntì ẹ̀ ni mo ti rí màbo.

Mo gbé fáìlì lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn. Bọ̀dá tó wà níbẹ̀ ṣí i, gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ́ àti ọ̀ wà ló ti di àpótí kéékèèké. Ó ní kò sí wàhálà, kí n padà wá lọ́la. Mo débẹ̀ lọ́la, ó ti príìntì gbogbo ẹ̀, ó sì ti yọ gbogbo àmì dànù! "Ẹ má ṣèyọnu màmá, Yorùbá ṣáà ni, ọmọ á mọ̀ ọ́n kà." Mo san 4,000 torí pé pépà ti lọ.

A délé, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àlọ́ Ìjàpá, ìgbà tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo ìyàwó ẹ̀ tí ikùn ẹ̀ wá ń wú. Ohun tó wà lára pépà ni "ikun Ijapa n wu". Ó kà á ní ikún, ó dúró, ó bojú wò mí, "Mọ́mì, ṣé Ìjàpá ń sin ikún ni?" Ó tún un kà, ó wá di ikun imú. Bó ṣe gbé pépà yẹn sílẹ̀ nìyẹn, bó ṣe gbé ìwé oní-38,000 sílẹ̀ náà gẹ́lẹ́, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Sẹ́ńtà kejì, àmì wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà ló lọ dúró sí. Ẹ̀kẹta ní príńtà òun bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló wá là mí lójú. Ó ní ẹ lásán ní àyè tiẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ́ ò ní, ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì lé e lórí lẹ́yìn, fọ́ǹtì (irú lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà) tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e lé e á bà á jẹ́. Ó fi fọ́ǹtì kan tó ń jẹ́ Charis SIL sí i, ọ̀fẹ́ ni, ó sọ ọ́ di fáìlì PDF kí n tó kúrò nílé, torí PDF máa ń gbé fọ́ǹtì ẹ̀ dání. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló gbà á. Ìlú tí gbogbo wa ti ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, sẹ́ńtà mẹ́ta, kò séyìí tó lè príìntì ẹ̀ bó ṣe yẹ, ó dùn mí gan-an ni.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo príìntì PDF yẹn, ọmọ mi dé ibi ikùn yẹn, mo ti fi dò-rè-mí kọ́ ọ, ikùn jẹ́ rè-dò, ikún jẹ́ rè-mí, ó fi ìka tọ àmì náà, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó kà á geerege. Ó pe màmá, ó ka gbogbo ẹ̀ fún wọn, wọ́n ń gberin fún un látòkè délẹ̀. Orí mi wú!

Ká ní mo mọ̀ ni, màá ti ní kó ka ojú ewé kan sókè níwájú obìnrin tó ń tàwé yẹn, bí ọ̀rọ̀ márùn-ún bá ti há a lẹ́nu, owó mi ì bá ṣì wà lápò. African Storybook náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìtàn Yorùbá wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lè príìntì ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpele àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò pọ̀, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yọ àmì kúrò.

Lánàá màmá fi àlọ́ keje ránṣẹ́, ó gùn tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ọmọ ti ń bi mí láti àárọ̀ pé ṣé mo ti tẹ̀ ẹ́ tán.