Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe tí a bá ń yan ìkànnì kàtúùnù fún ọmọ

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé fóònù mi fún ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 5, kí n lè ráyè ro àmàlà. Ìkànnì tí mo ṣí fún un dùn-ún wò: ẹranko aláwọ̀ mèremère, orin ọmọdé. Kí n tó padà dé, ìpolówó tẹ́tẹ́ ti gba gbogbo ojú fóònù, ọmọ sì ń tẹ bọ́tìnì tó ń ṣẹ́jú níbẹ̀, torí ó rò pé ara kàtúùnù ni. Ẹ̀rù bà mí. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Èmi tí mo fi ojú òde yan ìkànnì ni mo ṣàṣìṣe, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ohunkóhun tó bá ti jẹ́ àwòrán yíyà, ọmọdé ló ni ín. Kàtúùnù kan tó ń jẹ́ South Park bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kún inú rẹ̀, síbẹ̀ àgbà ni wọ́n ṣe é fún, nítorí èébú àti ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ tó wà níbẹ̀.

Èyí tó tún léwu jù ú lọ ni kí á gbọ́kàn lé ojú tí a mọ̀. Ní 2017, àṣírí tú pé àwọn kan ń gbé ọ̀pọ̀ fídíò sórí YouTube, tí wọ́n fi ojú àwọn ẹ̀dá kàtúùnù tí ọmọ mọ̀ bí ẹni mowó ṣe. Nínú àwọn fídíò yẹn, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún ọmọ tó ń ké, ìjà ni, ẹ̀jẹ̀ ni. YouTube pa ọ̀pọ̀ rẹ̀ rẹ́ nígbà tó yá, àmọ́ àwọn ọmọ ti wò ó ná. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ lè mọ́ tónítóní níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀tọ́ ni: ó pọ́n lóde, eèrà kún inú. Nítorí náà, ẹ má wo ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ kí ẹ sì gbé fóònù fún ọmọ. Ẹ fò dé àárín, ẹ wo ìparí, kí ẹ wá jẹ́ kí fídíò tó tẹ̀ lé e ṣí fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ẹ lè rí ibi tí yóò gbé ọmọ yín lọ nígbà tí ẹ kò bá sí níbẹ̀.

Àmì àgádágodo tí ẹ lè rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ìkànnì náà ń tan wá. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹlòmíì kò lè yọjú wo ohun tó ń lọ láàárín fóònù yín àti ìkànnì náà. Kò sọ pé ohun tó wà níbẹ̀ yẹ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkọlé pé “fún ọmọdé” ni fídíò kan lórí YouTube. Ní 2019, Google, tó ni YouTube, gbà láti san mílíọ̀nù 170 dọ́là ní Amẹ́ríkà, lórí ẹ̀sùn pé YouTube ń kó ìsọfúnni nípa àwọn ọmọdé jọ láìgba àṣẹ òbí wọn. Nítorí ìyẹn, láti oṣù Kìíní 2020, ẹnikẹ́ni kò lè kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fídíò tó bá ní àkọlé yẹn mọ́. Ìyẹn dára, àmọ́ ẹni tó gbé fídíò síta fúnra rẹ̀ ló sábà ń lẹ àkọlé náà mọ́ ọn; kì í ṣe pé olùkọ́ kan jókòó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìkànnì tó ń fi kàtúùnù oníkàtúùnù hàn lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí ẹ sá fún jù lọ. Ìpolówó ni wọ́n fi ń jẹun, ilé iṣẹ́ tó sì bìkítà fún orúkọ rẹ̀ kì í fẹ́ polówó níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí tẹ́tẹ́, oògùn ale àti àwòrán ìhòòhò fi ń rọ́nà gbà wọlé. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kí fídíò lè bẹ̀rẹ̀, tí ojú ewé mìíràn ṣàdédé ṣí, ẹ pa á dé. Bí ìkànnì bá ń béèrè orúkọ ọmọ, iléèwé rẹ̀ tàbí fọ́tò rẹ̀ kó tó lè wo kàtúùnù, ẹ pa òun náà dé.

Àwọn tó ń lo YouTube Kids, ìyẹn YouTube tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, ẹ má gbé e sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ní ìpele ọjọ́ orí mẹ́ta: ọdún 4 sísàlẹ̀, 5 sí 8, àti 9 sí 12. Ó tún ní ibi tí ẹ ti lè yàn pé kìkì ohun tí ẹ̀yin fúnra yín bá fọwọ́ sí ni ọmọ yóò rí. Èyí ni mo fara mọ́ jù fún ọmọ kékeré.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá rí ohun tí kò yẹ, ẹ má nà án, ẹ má sì fi ìbínú já fóònù gbà. Ọmọ tí wọ́n bá nà lórí rẹ̀ lónìí kò ní pe ẹnikẹ́ni lọ́la, yóò kàn wọ abẹ́ aṣọ pẹ̀lú fóònù ni. Ẹ bi í léèrè ohun tó rí àti bó ṣe rí lára rẹ̀, kí ẹ wá sọ fún un pé ó ṣeun tó sọ fún yín.

Ọmọ àbúrò mi ṣì ń wo kàtúùnù ní Sátidé. Orí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ ló ti ń wò ó báyìí, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti kíṣìnì.