Àwàdà Nípa Ará Ireland: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Èyí Tó Jẹ́ Ẹ̀fẹ̀ àti Èyí Tó Jẹ́ Ìwọ̀sí

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba fún ìgbà díẹ̀ á ti gbọ́ ọ: ọ̀mùtí ni àwọn ará Ireland, orí wọn kò jí, ìjà kì í sú wọn, ọ̀dùnkún ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ẹnì kan bá fapá jánú, wọ́n á ní àwàdà ni, pé òyìnbó ló ń bá òyìnbó ṣeré, kí ló wá kan ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbẹ̀? Ó kàn án. Ó tọ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dun ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí, ẹni tó sọ ọ́ kọ́ ló sì máa pinnu ibi tó yẹ kó dùn ún dé. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀fẹ̀ ni ìwọ̀sí. Àwọn ará Ireland fúnra wọn fẹ́ràn kí wọ́n máa bára wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tó bá sì ń ka gbogbo ẹ̀rín sí èébú láàárín wọn kò ní rí ọ̀rẹ́ mú.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀

Ọgbẹ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àwàdà yìí: ìyàn, àwòrán ìnàkí, àti àdó olóró.

Láàárín 1845 sí 1852, àrùn kan ba ọ̀dùnkún jẹ́ lóko káàkiri Ireland, bẹ́ẹ̀ òun ni oúnjẹ tí àwọn tálákà gbára lé jù. Bí ebi ṣe ń pa wọ́n kú, ọkà àti ẹran ọ̀sìn ṣì ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì dá a dúró. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú, àwọn tó ṣí kúrò nílùú lé ní mílíọ̀nù kan. Nínú ètò ìkànìyàn 1841, àwọn tó ń gbé erékùṣù náà ju mílíọ̀nù 8 lọ. Títí dòní, wọn kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwàdà ọ̀dùnkún fi lè mú kí tábìlì kan dákẹ́ lójijì, tí ẹni tó sọ ọ́ kò sì ní mọ ohun tó ṣe. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwa ará Nàìjíríà ní láti ṣọ́ra díẹ̀ sí i, nítorí “Irish” lásán ni a ń pe ọ̀dùnkún yìí lọ́jà nílé. Ní káńtíìnì ibi iṣẹ́, ẹ pè é ní pòtétò.

Àwòrán ìnàkí ni èkejì. Ní nǹkan bí ọdún 1860 sí 1890, ìwé ìròyìn Punch ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń ya ará Ireland bí ìnàkí tó wọ ṣòkòtò. Ní Amẹ́ríkà, ayàwòrán ìwé ìròyìn kan, Thomas Nast, náà ya wọ́n bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìgò ọtí lọ́wọ́. Iṣẹ́ kan ni àwòrán náà ń ṣe: kí òǹkàwé lè gbà pé àwọn èèyàn yìí kò lè ṣàkóso ara wọn, kí ẹlòmíràn máa ṣe é fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀dá èèyàn mìíràn tí wọ́n ya bẹ́ẹ̀. Láti inú àwòrán yẹn ni ọ̀mùtí àti òpònú inú àwàdà òní ti wá. Ìkéde iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, máa ń kọ ọ́ pé kí ará Ireland má wulẹ̀ wá. Nígbà tí àwọn èèyàn wa ń wá yàrá láti háyà ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1950, onílé tó ń lé aláwọ̀ dúdú kò ṣàì lé ará Ireland nígbà míì.

Ní ti ọtí fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Àwọn kan ń mu ún dáadáa níbẹ̀, bó ṣe rí níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan náà ni àlùfáà Kátólíìkì kan, Theobald Mathew, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀jẹ́ má-mutí-mọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní Cork ní 1838. Ní Dublin ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Pioneer, ti àwọn Kátólíìkì tí kì í fẹnu kan ọtí rárá, sílẹ̀ ní 1898. Láti January 2022, òfin ibẹ̀ ti fi gbèdéke sí iye tí wọn kò gbọ́dọ̀ ta ọtí kéré sí.

Ẹ̀kẹta ni àdó olóró, òun ló sì gbóná jù. Ní ọjọ́ 21 oṣù November 1974, bọ́ǹbù pa èèyàn 21 nílé ọtí ní Birmingham, ẹgbẹ́ IRA, tó ń gbé ohun ìjà kí Àríwá Ireland lè kúrò lábẹ́ Ìlú Ọba, sì ni wọ́n gbà pé ó ṣe é. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìjọba ṣe òfin tó jẹ́ kí ọlọ́pàá lè ti afurasí mọ́lé fún ọjọ́ 7 láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọkùnrin mẹ́fà tó jẹ́ ọmọ Ireland lọ sẹ́wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ Birmingham yìí, wọ́n sì lo ọdún 16 níbẹ̀ kí ilé ẹjọ́ tó fagi lé ìdálẹ́bi wọn ní 1991. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kí èèyàn kàn lanu sọ̀rọ̀ bí ará Ireland ti tó kí wọ́n fura sí i ní ibùdókọ̀ òfúrufú. Nítorí náà, “kí ló wà nínú báàgì rẹ?” kì í ṣe àwàdà lójú ẹni tó lé ní 50 ọdún. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ọtí, ẹ ó rí i pé ohun mímu kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Irish Car Bomb. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ sétí ará Ireland, ẹ má sì kọ ọ́ sára pátákó. Bọ́ǹbù inú mọ́tò pa èèyàn 33 ní Dublin àti Monaghan ní May 17, 1974, ó sì pa 29 ní Omagh ní August 1998.

Ẹ fi orúkọ wa rọ́pò tiwọn

Bí àwàdà kò bá kan ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí, ọ̀nà tó yá jù láti dán an wò ni pé kí ẹ yọ Ireland kúrò nínú gbólóhùn náà, kí ẹ fi Nàìjíríà sí i. “Ará Ireland ni, ó dájú pé ó ti yó.” “Ará Nàìjíríà ni, ó dájú pé gbájúẹ̀ ni.” Bí èkejì bá dùn yín, ẹ ti mọ bí àkọ́kọ́ ṣe rí lára ẹni tó ni ín.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń kùnà ni ẹ̀fẹ̀ àárín ọ̀rẹ́. Láàárín ara wọn, ará Ireland máa ń bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an, ìyẹn sì jẹ́ àmì pé wọ́n súnmọ́ra. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ohun tí ẹni náà ṣe ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó fìdí rẹmi tàbí tíì rẹ̀ tí kò dùn. Kì í ṣe ìran rẹ̀. Àlejò á gbọ́ ẹ̀rín, á rò pé ààyè ti gbà, á wá ju àwàdà nípa ìran wọn sáàárín. Ẹ dúró kí wọ́n kọ́kọ́ fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Tí ẹ bá máa dáhùn, ẹ dáhùn lórí bọ́ọ̀lù àti tíì.

Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní Paddy àyàfi tó bá sọ pé orúkọ òun nìyẹn. Ẹ má sọ pé Ireland wà lábẹ́ Ìlú Ọba, torí ó ti kúrò ní 1922. Ẹni tó wá láti Àríwá erékùṣù náà, tó ṣì wà lábẹ́ Ìlú Ọba, lè ka ara rẹ̀ sí ọmọ Ireland, ọmọ Ìlú Ọba, tàbí méjèèjì, àdéhùn àlàáfíà 1998 (Good Friday Agreement) sì fún un lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í, ẹ má méfò. Ẹ má sì rò pé funfun ni gbogbo wọn: ní Dublin ni wọ́n bí Rhasidat Adeleke tó ń sáré fún Ireland, Rotimi Adebari tó wá láti Ìpínlẹ̀ Ògùn sì di olórí ìlú Portlaoise ní 2007.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní Traveller, ìyẹn àwọn ará Ireland tí ìran wọn máa ń ṣí kiri láti ibì kan sí ibòmíràn, ní ọ̀rọ̀ tiwọn lọ́tọ̀. Ìjọba Ireland gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kan ní March 1, 2017, ilé ẹjọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti gbà bẹ́ẹ̀ láti 2000. Èébú tí wọ́n ń bú wọn, “pikey” àti “knacker”, kò ní ibi kankan tó ti jẹ́ ẹ̀fẹ̀, bí ará Ireland gan-an bá tilẹ̀ ń sọ ọ́ níwájú yín.

Bí ẹ bá ti sọ ọ́

Ẹ bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ̀yin àti ẹni náà nìkan, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí ẹ sọ: “Ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò dáa, ẹ má bínú.” Ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ba ẹ̀bẹ̀ jẹ́ ni “bó bá dùn yín”, torí ó ń da ẹjọ́ padà sọ́rùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Àlàyé gígùn nípa bí wọ́n ṣe ń bú àwa náà kò wúlò níbẹ̀.

Bó bá ti di ojoojúmọ́ níbi iṣẹ́

Lábẹ́ òfin Equality Act 2010 tó ń ṣiṣẹ́ ní England, Wales àti Scotland, orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá wà lára ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ fi dààmú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ máa wo bó ṣe rí lára ẹni náà, bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀, àti bóyá ó bọ́gbọ́n mu kó rí bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. “Mi ò ní in lọ́kàn” nìkan kò gba ẹni tó sọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1994, òṣìṣẹ́ kan láti Àríwá Ireland jàre lórí irú àwàdà yìí tí wọ́n fi ń dà á láàmú níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin tó kàn wà níbẹ̀ náà lè fẹjọ́ sùn bó bá ba ibi iṣẹ́ jẹ́ fún yín, bí ẹ kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Ireland.

Ẹ bi ẹni tí wọ́n ń bú ní kọ̀rọ̀ bóyá ó fẹ́ kí ẹ dá sí i. Ẹlòmíràn kò fẹ́, ẹ má gba ẹjọ́ rẹ̀ rò fún un. Tó bá fẹ́, ẹ kọ ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ náà gan-an bí wọ́n ṣe sọ ọ́, àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. “Wọ́n máa ń bú u” kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí alábòójútó, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí oṣù 3 pé láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó kàn sí ACAS, àjọ tó ń bá wọn parí aáwọ̀ ibi iṣẹ́ ní England, Wales àti Scotland, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń gbà kọjá. Ní Ireland, Workplace Relations Commission ni, oṣù 6 ni wọ́n fún yín, kò sì sí owó sísan. Inú ìwé tiyín tàbí fóònù tiyín ni kí àkọsílẹ̀ náà wà, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́. Ọjọ́ tí aáwọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ yín.