Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó Jẹ Mọ́ Màlúù àti Ológbò: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Ẹni tó ń sin màlúù mẹ́ta ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó ní ológbò kan ṣoṣo tó ń pa eku nínú abà àgbàdo, àti ẹni tó kàn fẹ́ ra ẹran fún ìnáwó, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá pàdé: lára ìgò oògùn, lára àpò oúnjẹ ẹran, lórí rìsíìtì, àti nínú ìwé tí dókítà ẹran kọ fún wọn. Nínú èdè wa, màlúù ni màlúù ń jẹ́. Bí a bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn, a ó pè é ní akọ tàbí abo, a ó sọ pé ó ti dàgbà tàbí pé ọmọ ṣì ni, a ó sì sọ bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Gẹ̀ẹ́sì a máa di gbogbo àlàyé yìí sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹni tí kò bá sì mọ bí a ṣe ń tú u lè sanwó ohun tí kò fẹ́ rà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó mọ́ yín lára láti bi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin: ṣé akọ ni àbí abo, ṣé ó ti dàgbà, ṣé ó ti bímọ rí, ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá?

Orúkọ agbo àti orúkọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan

"Cattle" ni orúkọ gbogbo agbo, akọ àti abo, àgbà àti ọmọ. Kò ní ẹyọ, ẹnìkan kì í sì í sọ pé òun ra "one cattle". Bí wọ́n bá fẹ́ kà á, wọ́n a ní "ten head of cattle", èyí tó túmọ̀ sí odidi màlúù mẹ́wàá, kì í ṣe orí mẹ́wàá tí alápatà gé sílẹ̀ lórí tábìlì. Àwọn kan rò pé nítorí pé "cat" wà níbẹ̀rẹ̀ "cattle", ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ ẹbí. Wọn kò tan rárá. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí dúkìá ni "cattle" ti wá, ó sì gba èdè Faransé ti àwọn ará Normandy kọjá kí ó tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni "capital", owó ìdókòwò, àti "chattel", ẹrù ẹni. Ẹni tó bá ti rí bí darandaran ṣe ń ta màlúù kan ṣoṣo láti san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìdí tí orúkọ ẹran fi bá orúkọ owó tan.

Nínú agbo náà, "bull" ni akọ tó ti dàgbà tí ẹpọ̀n rẹ̀ pé, òun ni wọ́n ń fi gun abo. "Steer" ni akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá nígbà tó ṣì kéré kí ó lè sanra fún pípa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "bullock" ni wọ́n sábà máa ń pe irú ẹran bẹ́ẹ̀. "Ox" náà ni akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n tọ́ ọ fún, irú èyí tó ń fa ohun ìtúlẹ̀ ní apá Àríwá ilẹ̀ wa. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, "oxen" ló ń jẹ́. Àgbẹ̀ kan tí mo mọ̀ ra ẹran méjì tí wọ́n kọ "steer" sí lórí rìsíìtì rẹ̀, ó sì fi ọdún kan gbáko retí kí wọ́n gun abo. Nígbà tí mo dé ọgbà rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mo wo ẹ̀yìn ẹran náà: àpò ẹpọ̀n ti súnkì mọ́ ara, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un kò purọ́, ó kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti abo, "cow" gan-an ni abo tó ti bímọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ náà pe màlúù èyíkéyìí. "Calf" ni ọmọ màlúù, ìbáà ṣe akọ tàbí abo. "Heifer" ni ọ̀dọ́ abo tí kò tíì bímọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń ṣòro jù fún wa, nítorí pé "ẹgbọrọ màlúù" tí Bíbélì Yorùbá fi mọ́ wa létí lè jẹ́ akọ, ó sì lè jẹ́ abo. Bí ẹ bá ń kọ ìwé ọjà, ẹ má ṣe kọ "ẹgbọrọ màlúù" lásán fún "heifer". Ẹ kọ "ọ̀dọ́ abo màlúù tí kò tíì bímọ". Owó tó wà nínú gbólóhùn yẹn pọ̀, nítorí pé abo tó ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì ti fi hàn pé òun lè bímọ, pé òun sì ní wàrà, nígbà tí ọ̀dọ́ abo ṣì jẹ́ ìrètí.

Ìrètí náà a sì máa já sí òfo nígbà mìíràn, pàápàá tí ó bá jẹ́ "freemartin". Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó jẹ ọmọ Yorùbá lógún, àwa tí a ń yọ̀ mọ́ ìbejì. Bí màlúù bá bí ìbejì, tí ọ̀kan jẹ́ akọ, tí èkejì jẹ́ abo, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ti sábà máa ń pàpọ̀ nínú oyún nítorí pé olóbì wọn so mọ́ra. Ohun tó ń sọ akọ di akọ a gba inú ẹ̀jẹ̀ náà dé ara abo, ilé ọmọ rẹ̀ kò sì ní lè dàgbà bó ṣe yẹ. Nínú irú abo mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, ó lé ní mẹ́sàn-án tí yóò yàgàn. Lójú, abo ni. Ó lè ní ọmú kékeré, ó sì lè lẹ́wà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀dọ́ abo fún bíbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ olówó ẹran bóyá ìbejì ni, kí ẹ sì béèrè irú ẹni tí èkejì rẹ̀ jẹ́. Bí abo ni àwọn méjèèjì, kò séwu.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń tan ni jẹ

Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí a mọ̀ lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń jẹ́ nǹkan mìíràn nínú ọgbà màlúù. "Dry cow" kì í ṣe màlúù tó rù. Abo tí wọ́n dáwọ́ fífún wàrà rẹ̀ dúró ni, nǹkan bí oṣù méjì kí ó tó bímọ, kí ọmú rẹ̀ lè sinmi. Ó lè sanra bọ̀kíbọ̀kí. "Open cow" ni abo tí kò lóyún. "In-calf" ni èyí tó lóyún, oyún náà yóò sì tó oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ díẹ̀. "Heat" kì í ṣe ooru oòrùn: àkókò tí abo ń wá akọ ni, ó sì ń padà wá ní nǹkan bí ọjọ́ 21 síra wọn bí kò bá lóyún. Bí ẹ bá gbọ́ "standing heat", ẹ wo abo tó dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí òmíràn gùn ún; àsìkò náà nìyẹn. "Cull cow" ni èyí tí wọ́n ṣà kúrò nínú agbo nítorí ọjọ́ orí, àìsàn tàbí àìbímọ. Kò sí ohun tó burú nínú rírà á fún pípa bí dókítà ẹran bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rà á fún bíbí nítorí pé ó dínwó. "Polled" ni ẹran tí a bí láìní ìwo.

Ní ti orúkọ ìran màlúù, "White Fulani" ni èyí tí àwọn Hausa ń pè ní Bunaji, funfun tó ní iké àti ìwo gígùn tí a mọ̀ sí ọjà. "Muturu" kéré, kò ní iké, ó sì máa ń fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ní igbó wa ju àwọn tó ti Àríwá wá lọ.

Lọ́dọ̀ alápatà

Ẹran màlúù lórí tábìlì ni "beef", ẹran ọmọ màlúù sì ni "veal". Ọ̀rọ̀ Faransé ni méjèèjì, wọ́n wọ inú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní ọdún 1066, nígbà tí orúkọ tí ẹran ń jẹ́ nínú pápá kò yí padà. Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rí "oxtail" nínú ṣọ́ọ̀bù: ìrù màlúù èyíkéyìí ni lóde òní, kì í ṣe ti "ox" nìkan. "Cow foot" ni bọ́kọ̀tọ̀, "tripe" ni ṣàkì, "lung" ni fùkù, "hide" sì ni awọ tí a fi ń ṣe pọ̀ǹmọ́.

Kíka ara ìgò oògùn

Ẹ mú ìgò abẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́, kí ẹ yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, nítorí pé lẹ́tà ibẹ̀ kì í tóbi. Kọ́kọ́ wá orúkọ ẹran tí wọ́n ṣe é fún. "Bovine" ni ti màlúù, "feline" ni ti ológbò, "canine" ni ti ajá, "ovine" ni ti àgùntàn, "caprine" sì ni ti ewúrẹ́. Ìdí nìyí tí àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀fóró màlúù, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau ń ṣe, fi ní "bovine" nínú orúkọ àrùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "vaccine" fúnra rẹ̀, inú orúkọ tí Látìn fún abo màlúù ló ti jáde, nítorí pé omi egbò àrùn màlúù kan, tó ran ọwọ́ obìnrin tó ń fún wàrà, ni dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Jenner, lò ní ọdún 1796 láti dáàbò bo ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ ṣọ̀pọ̀ná.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá "withdrawal period". A mọ "withdraw" sí gbígba owó ní báńkì, ṣùgbọ́n níhìn-ín, iye ọjọ́ tí ẹ kò gbọdọ̀ fi pa ẹran náà jẹ, tàbí mu wàrà rẹ̀, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ni. Bí wọ́n bá kọ "meat: 28 days", tí ẹ sì gún un ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ alápatà kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù náà. Bí ẹ bá tún un gún, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lákọ̀tun. Wàrà ní ọjọ́ tirẹ̀ tó yàtọ̀. Bí wọ́n bá kọ "not for use in lactating cattle", kò yẹ fún abo tí ẹ ń fún wàrà rẹ̀ rárá. Ẹ má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé sísè: iná ń pa kòkòrò àrùn inú wàrà, kì í lé gbogbo oògùn jáde. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń fún sínú ọmú. Èyí tí wọ́n kọ "dry cow" sí lára kì í ṣe ti màlúù tó ṣì ń fún wàrà, nítorí pé wọ́n ṣe é kí ó pẹ́ nínú ọmú.

Ti ológbò

"Tom" ni akọ ológbò tí a kò tẹ̀ lọ́dàá. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. "Queen" ni abo tó lè bímọ tàbí tó ń tọ́mọ, "kitten" sì ni ọmọ rẹ̀. Oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí oṣù méjì lọ. "Spayed" ni abo tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí ó má bímọ mọ́, "neutered" sì ni akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń lò ó fún méjèèjì. "Litter" ni àwọn ọmọ tí a bí lẹ́ẹ̀kan náà; òun náà ni iyẹ̀pẹ̀ tí ológbò ń yàgbẹ́ sí, aláboyún kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kó o, nítorí àrùn kan tó lè ba ọmọ inú jẹ́. "Tabby" kì í ṣe ìran ológbò, àwọ̀ abilà ni. "Tortoiseshell" ni àwọ̀ dúdú tó dàpọ̀ mọ́ pupa, ológbò tó bá sì ní àwọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ abo nígbà gbogbo.

Èyí tó ń pa ológbò jù nínú ọ̀rọ̀ tí a kò kà ni "do not use on cats". Oògùn eégbọn ajá kan wà tó ní "permethrin" nínú. Ajá ń fara dà á, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè fọ́ ọ túútúú. Láàárín wákàtí díẹ̀, etí rẹ̀ á máa fò, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, gìrì á sì gbé e. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì fi sí i lára, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà ẹran pẹ̀lú páálí oògùn náà. Bákan náà ni "paracetamol" tí a ń lò fún ẹ̀fọ́rí: hóró kan ṣoṣo lè pa ológbò.

"Cat flea", kòkòrò kékeré tó ń fò tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, kì í mọ ológbò nìkan. Òun náà ló pọ̀ jù lára ajá. Bí ẹ bá tọ́jú ológbò tí ẹ sì fi ajá sílẹ̀, ẹ ó tún padà rí i lára ológbò. "Catfish" ni ẹja àrọ̀, nítorí irùngbọ̀n rẹ̀. "Catgut" ni òwú tí dókítà fi ń rán egbò, ìfun àgùntàn tàbí ti màlúù ni wọ́n sì fi ń ṣe é. "Cattle egret" tí ẹ máa rí nínú ìwé ọ̀sìn ẹran sì ni lékeléke wa, ẹyẹ funfun tó ń tẹ̀ lé màlúù kiri pápá láti mú tata tí pátákò ẹran bá lé sókè.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé oògùn ẹran, ẹ kọ irú ẹran náà sórí ìwé kékeré ní Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó jáde nílé: "in-calf heifer", "lactating cow", "nursing queen". Ẹ fi ọjọ́ orí àti ìwọ̀n rẹ̀ kún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń ta oògùn kà á kí ó tó na ọwọ́ sí orí pẹpẹ.