Ṣé físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ní kẹ́ ẹ máa rò ó lọ́kàn pé ẹ̀ ń mi ọwọ́ tó ń dùn yín? Ẹ má ṣe bí mo ṣe ṣe o

Ọ̀kadà ló dà mí nù ní Ọláìyá l'Óṣogbo, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún kán, wọ́n fi POP dì í, bẹ́ẹ̀ àdìrẹ ni mò ń ṣe jẹun, ọwọ́ la fi ń fún aṣọ aró. Ìgbà tí wọ́n tú POP tán, ọwọ́ ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ó ń dùn wọnú egungun, físíò wá ní kí n jókòó, kí n dijú, kí n máa rò ó pé mò ń fún aṣọ, kí n má mi ìka kankan. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní ṣé iṣẹ́ nìyẹn náà?

Iṣẹ́ ni o. Ibi tó ń ṣètò bá a ṣe ń mira nínú ọpọlọ máa ń jí téèyàn bá ń rò ó, ó fẹ́ẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn ń ṣe é gan-an, torí ẹ̀ ẹ má sọ pé èrò lásán ni kẹ́ ẹ wá ṣe é láṣejù. Èmi rò ó fún wákàtí kan gbáko lálẹ́ ọjọ́ kan, odindi ìró ni mò ń fún lọ́kàn, ilẹ̀ mọ́, ọwọ́ wú bí búrẹ́dì tó mu omi. Mo ti ń ronú ẹni tó ṣe mí o! Àṣé ní 2008, Lorimer Moseley, onímọ̀ nípa ìrora, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti gbé ìwádìí jáde nípa àwọn tí apá ti ń dùn tipẹ́, rírò ó lásán pé wọ́n ń mi apá náà mú kí ìrora àti wíwú wọn pọ̀ sí i. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Áńkáṣíìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún lọ́kàn, kì í ṣe ìró, tó bá sì ti ń dùn, ẹ dúró.

Ẹ má wo ara yín látòkèèrè bí ẹni ń wo fíìmù. Inú ọwọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lára bí aṣọ ṣe wúwo, bí omi ṣe tutù. Tí wọ́n bá fún yín ní fọ́tò ọwọ́ pé kẹ́ ẹ máa sọ èyí tó jẹ́ òsì àtèyí tó jẹ́ ọ̀tún, ẹ má fò ó, ìyẹn ló ṣáájú, rírò tẹ̀ lé e, dígí ló kẹ́yìn, ìyẹn kẹ́ ẹ máa mi ọwọ́ tó dáa níwájú dígí, kó lè dà bíi pé èyí tó ń dùn lẹ̀ ń mì.

Yíyún ńkọ́? Nígbà tí POP ṣì wà lọ́wọ́ mi, igi ìgbálẹ̀ ni mò ń tì bọ inú ẹ̀, egbò ló fi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ìwádìí kan jáde ní Jámánì ní 2013, wọ́n jẹ́ kí apá kan máa yún èèyàn, wọ́n wá ń họ apá kejì níwájú dígí, kó lè dà bíi pé èyí tó ń yún ni wọ́n ń họ, yíyún náà sì rọlẹ̀ díẹ̀.

Ẹ má sì jókòó ti ẹni tó ń họra, torí wíwò ó nìkan lè mú kára yún ẹlòmíì. Ooru mú ọmọ iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kan, ó ń họ ẹ̀yìn ẹ̀ ṣáá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, bí inú POP mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yún nìyẹn. Mo ní kó bọ́ síta lọ họ ọ́.